Ahanrun Kò Dá Fìlà Padà

Fìlà náà ti wọ inú ihò lọ. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń retí rẹ̀ lójú ọ̀run.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jù ú. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ó fọwọ́ méjèèjì di irin etí ihò mú, ó na ọrùn bí ògòǹgò. Àwọn àlejò yòókù há mọ́ra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbì kan dé láti ojú òkun, ó gbá ẹsẹ̀ àpáta nísàlẹ̀, ilẹ̀ sì mì díẹ̀ lábẹ́ wọn.

"Ó ń bọ̀ o!" ni obìnrin kan ké.

Wọ́n dúró. Ẹyẹ kan fò kọjá. Kò sí ohun mìíràn tó lọ sókè.

Bíríkìlà gba àárín wọn kọjá, ó tẹ̀ba, ó wo inú ihò. Fìlà tísà ń léfòó lórí omi, ó ń yí bìrí pẹ̀lú àwọn fìlà àná àti ti ìjẹta. Ìgbì tún gbá. Omi náà wú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì gbé e mì, ó sì padà sípò rẹ̀.

"Ṣé kò ní í dá a padà ni?" tísà bèèrè.

"Ẹ ní sùúrù, sà."

"Sùúrù wo ló tún kù? Fìlà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì nìyẹn."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," ni obìnrin yẹn wí. "Fìlà náà ti fẹ̀yìn tì báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, tísà pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kì í pẹ́ ni. Wọn kò wá síbẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá gbọ́ Ahanrun.

Ahanrun ni orúkọ àpáta náà. Ibi tí igbó ti pàdé òkun ló wà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Òkun ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì ti lu ihò kan jáde lókè. Bí ìgbì bá wọ abẹ́ yẹn, àpáta á fa èémí wọlé. Ewé gbígbẹ tó wà nítòsí á rá lọ sí etí ihò náà. Lẹ́yìn náà á hanrun. Ohùn yẹn kì í ti etí wọlé. Àyà ló ń gbà wọlé. Á wá tu èémí náà jáde pẹ̀lú omi funfun, ohunkóhun tí ènìyàn bá sì jù sínú rẹ̀, á gbé e lọ sókè.

Fìlà ni àwọn àlejò ń jù. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Afẹ́fẹ́ ló ṣeé ṣe kó gbà á lórí rẹ̀. Igi ńlá kan wà lẹ́yìn àpáta, igi tí kùrukùru kì í jẹ́ ká rí orí rẹ̀ láàárọ̀. Orí ẹ̀ka rẹ̀ ni Ahanrun ń gbé fìlà kọ́ sí. Akẹtẹ̀ wà níbẹ̀, fìlà òtútù wà níbẹ̀, fìlà sọ́jà wà níbẹ̀, fìlà ìyàwó tuntun kan tó ní òdòdó wà níbẹ̀. Òjò ti pọ́n àwọn mìíràn lójú títí tí wọ́n fi dà bí èso. Ẹyẹ ti yé ẹyin sínú òmíràn. Ènìyàn á dúró sábẹ́ igi náà, á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Ìdílé ìyàwó Bíríkìlà ló ń tọ́jú ibẹ̀. Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú yàrá onípákó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Ojú Màmá ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní í fura. Etí ló fi ń rìn. Bí Ahanrun bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń lọ sí ilé. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ sí kànga. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń jìn sísàlẹ̀, òkun ń fà, Màmá á sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ kaná, torí àwọn àlejò kò ní í pẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ òkè ni Bíríkìlà. Níbi tí wọ́n ti bí i, odò tí ọmọdé lè fò kọjá ni omi tó tóbi jù. Ọjọ́ tó wá tọrọ ìyàwó, Màmá fà á lọ́wọ́ lọ sórí àpáta kó tó jẹ́ kó jókòó.

"Dúró síbí," ni Màmá wí. "Má sọ̀rọ̀."

Ó dúró. Ahanrun fa èémí, aṣọ Bíríkìlà ṣí sọ́nà ihò. Lẹ́yìn náà ohùn yẹn dé. Bíríkìlà kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó kàn rí i pé òun ti jókòó sílẹ̀, omi ń kán lójú òun, òṣùmàrè kékeré kan sì dúró níwájú òun bíi pé ó ní iṣẹ́ tó wá jẹ́.

"Ṣé o ti jókòó?" Màmá bèèrè.

"Mo ti jókòó, mà."

"Ó dáa. Ká ní o wà lóòró ni, mi ò bá tí fún ẹ lọ́mọ mi."

Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, Bíríkìlà ló ń tún un ṣe. Ó rẹ́ ògiri, ó mọ àtẹ̀gùn, ó ri irin mọ́ etí ihò kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa bá fìlà lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kórìíra láyé yìí: kí omi máa jò. Bó bá jókòó sí ilé onílé tí òrùlé ń jò, kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ.

Báyìí, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Ahanrun ti dákẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní òkun ló rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òkun kò rọ̀ mọ́. Bíríkìlà fi igi gígùn wá inú ihò wò, bóyá ẹ̀ka ló há a lọ́fun. Igi náà kò kan nǹkan kan, àfi omi.

Ìyẹn kì bá tí jẹ́ wàhálà púpọ̀ bí kì í bá ṣe ti Àǹtí.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ìlú ńlá ló ń gbé, nọ́ọ̀sì ni. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń bẹ Màmá pé kó bá òun lọ, torí ibi tí dókítà wà sí ibẹ̀ jìn. Gbogbo ìgbà náà ni Màmá ń dá a lóhùn pé, "Ọjọ́ tí Ahanrun bá dákẹ́, màá tẹ̀ lé ẹ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Àǹtí á wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé rárá ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè é.

Bíríkìlà kó àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ihò igi ńlá náà. Ìdí igi yẹn ṣófo, ó gbòòrò tó yàrá; tábìlì àti àga wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fún àlejò lóúnjẹ. Wọ́n wọlé, wọ́n ń fọwọ́ kan ara igi náà bí ẹni ń kan ẹran ńlá tó sùn. Tísà ṣì ń wẹ̀yìn. Bíríkìlà fi wọ́n síbẹ̀, ó gba ilé lọ.

Ọkọ̀ Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Màmá ti wà ní kíká nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti ìkòkò tó fẹ́ràn. Ìyàwó Bíríkìlà dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi etí aṣọ nu imú.

"Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Tèmi ò wọ̀ wọ́n létí."

Ó wọlé. Màmá jókòó sórí pákó ibùsùn tí kò ní bẹ́ẹ̀dì mọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Iwájú orí rẹ̀ wú díẹ̀. Láàárọ̀ yẹn ló forí sọ férémù ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ.

"Màmá, ẹ kúkú fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i."

"Ta ni kí n fún?"

"Ahanrun ni, mà."

"Ọmọ mi," Màmá wí, "mo jí láàárọ̀, mi ò mọ ibi tí mo wà. Mo na ọwọ́, mo rí ògiri, mi ò mọ ògiri wo ni. Bó bá jẹ́ pé mi ò ní í mọ ibi tí mo wà, ṣé kò kúkú dáa kí n wà níbi tí wọ́n ti ní iná mànàmáná?"

Bíríkìlà jókòó tì í lórí pákó náà. Láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti kú, obìnrin yìí nìkan ló ń bi í bóyá ó ti jẹun. Bó bá lọ, ta ló máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà? Ilé tó tún ṣe láti òkè délẹ̀ á kàn di ilé lásán.

Àǹtí yọjú. "Bíríkìlà, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ má jẹ́ ká pẹ́. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa nínú igbó."

"Ẹ ǹlẹ́, Àǹtí mi."

"Ẹ má wò mí báyẹn. Èmi kọ́ ni mo ní kó dákẹ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Àǹtí mi."

"Ojú yín ń sọ ọ́."

Màmá dìde. "Kí n kí i pé ó dìgbà ná. Ẹni tí a jọ gbé pẹ́ báyìí, a kì í kàn dìde kúrò níwájú rẹ̀. Bíríkìlà, mú mi lọ."

Ó fún un ní apá, wọ́n jáde. Ọ̀nà tó lọ láti ilé dé orí àpáta kò gùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ahanrun, láàrin òkúta àti gbòǹgbò. Ìyàwó rẹ̀ àti Àǹtí tẹ̀ lé wọn. Igbó dákẹ́. Ìgbì ń gbá nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ohùn kankan, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Màmá kò wọ bàtà. Kì í wọ̀ ọ́ lórí ọ̀nà yẹn. Bí wọ́n ti dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀. Ó tún fi ẹsẹ̀ kejì ra á.

"Ilẹ̀ ibí yìí gbẹ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Inú Bíríkìlà tilẹ̀ dùn díẹ̀. "Ṣebí ibẹ̀ lẹ ti yọ̀ tẹ́ ẹ ṣubú lọ́jọ́sí. Ara àpáta ló sán, ibẹ̀ ni omi ń gbà jò sójú ọ̀nà. Mo ti bá yín dí i. Kò lè jò mọ́ láéláé."

Màmá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí ara àpáta, ó ń wá a kiri. Ó kan sìmẹ́ńtì. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ó dán. Bíríkìlà ti fọwọ́ ra á dáadáa.

"Ìgbà wo lo dí i?"

"Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ ṣubú, mà. Màmá, ẹ..."

Ó rántí ọjọ́ náà. Ó rántí pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó òun ti sọ pé Ahanrun ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Bíríkìlà."

"Mà."

"Lọ bu omi sẹ́nu. Bu ú kún dáadáa. Kó o wá hanrun kí n gbọ́."

Bíríkìlà tún rí àwọn fìlà náà lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n ń yí bìrí lórí omi, níbi tó yẹ kí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló wà. Omi tí ìgbì ń gbé wọ ọ̀nà ọ̀fun yẹn, ojú ibi tó sán ló ń gbà jáde. Jíjò yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀fun gbẹ kí ìgbì mìíràn tó dé. Òun ló fi omi sí Ahanrun lẹ́nu. Òun náà ló pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó ti pa Ahanrun," Àǹtí wí, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́ sókè.

Bíríkìlà ti ń sáré lọ. Ó dé pẹ̀lú òòlù ńlá àti irin ṣóńṣó. Ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu.

Bíríkìlà burúkú ì bá ti parí iṣẹ́ yẹn kíá. Ṣùgbọ́n ó po sìmẹ́ńtì náà pé, ó fi asẹ́ jọ iyanrìn rẹ̀, ó ti òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ jìnnà, ó sì fi àpò tútù bò ó kí ó lè gan dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bá a jà. Irin náà ta sẹ́yìn, ó bó o lọ́wọ́. Àǹtí wo ojú ọjọ́, ó wo ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màmá. Bó bá ṣí i, wọ́n á pè wá."

"Dúró ná."

"Ilẹ̀ máa ṣú."

"Èmi ni kó o sọ ìyẹn fún," Màmá wí. "Ilẹ̀ mi ti ṣú tipẹ́."

Àǹtí fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò.

Òkun ń kún. Wọ́n gbọ́ ọ nínú ìgbì. Ó ń wúwo sí i. Bíríkìlà kò wò yíká mọ́. Ìlà kékeré kan yọ lára sìmẹ́ńtì. Omi kán níbẹ̀. Ó tún un lù. Ìyàwó rẹ̀ wá di irin náà mú fún un, ojú rẹ̀ dì pinpin.

"Ẹ má lù mí lọ́wọ́ o."

"Má mì."

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú. Sìmẹ́ńtì náà là, ègé ńlá rẹ̀ kan yọ jáde, omi sì tẹ̀ lé e bí ẹran tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó gbé tọkọtaya náà ṣubú. Ó gba ojú ọ̀nà, ó gba orí ẹsẹ̀ Màmá kọjá. Màmá dúró láàrin rẹ̀, ó di apá Àǹtí mú.

Omi náà tú jáde fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dín, ó ń kán.

Wọ́n dúró. Gbogbo igbó dà bí ẹni dúró.

Ewé gbígbẹ kan kọ́kọ́ rá lórí àpáta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ kọjá lára wọn, ó ń lọ sókè, sọ́nà ihò, aṣọ wọn sì nà tẹ̀ lé e. Ahanrun ń fa èémí. Ó fà á, ó fà á, bíi pé gbogbo èyí tí kò rí fà láti ọjọ́ yìí ló fẹ́ fà papọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó hanrun.

Bíríkìlà ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tíì gbọ́ irú èyí rí. Òkúta abẹ́ rẹ̀ gbọ̀n, eyín rẹ̀ gbọ̀n, òòlù tó wà nílẹ̀ ń jó. Àwọn ẹyẹ fò dìde lórí gbogbo igi, láti etí òkun títí dé ibi tí ojú kò tó. Omi funfun yọ lókè àpáta, ó ga kọjá ẹ̀ka àkọ́kọ́, ó ga kọjá èkejì, àwọn fìlà sì wà lórí rẹ̀, fìlà àná àti ti ìjẹta àti ti òní, wọ́n fò lọ sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ bí agbo ẹyẹ, wọ́n dúró díẹ̀ lójú ọ̀run, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí igi ńlá náà. Òjò tín-ín-tín rọ̀ lé gbogbo wọn lórí. Òṣùmàrè yọ níbẹ̀.

Àwọn àlejò tú jáde láti inú igi. Tísà yọ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn gbójú sókè, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, bóyá ti Ahanrun ni, bóyá tirẹ̀ ni.

"Tèmi nìyẹn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èyí tó wà lókè pátápátá yẹn."

Ahanrun tún hanrun. Màmá yí ara rẹ̀ díẹ̀, títí tí ohùn náà fi bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ apá Àǹtí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé ní òun nìkan, nínú omi, kò yọ̀, kò kọsẹ̀. Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá láìfọwọ́ kàn án.

Àǹtí ń wò ó. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yá, ó lọ sídìí ọkọ̀, ó fa bẹ́ẹ̀dì jáde.

"Bíríkìlà, ẹ wá gbé àpótí," ló pè. "Ìkòkò yìí, èmi ni màá gbé e. Ẹ lè lọ fi sìmẹ́ńtì dí i."

Inú ilé, wọ́n gbọ́ ohùn Màmá: "Ta ló gbé pákó ibùsùn mi kúrò nídìí ògiri? Ẹ̀yin èèyàn yìí! Bíríkìlà, ṣé o ti jẹun?"

Àǹtí sùn mọ́jú. Láàárọ̀, kó tó lọ, òun àti Bíríkìlà jọ to òkúta wẹ́wẹ́ onígun sójú ọ̀nà níbi tí omi ń jò sí, kí ẹsẹ̀ lè dì í mú. Wọ́n na okùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò.

Sìmẹ́ńtì tó fi dí àpáta ṣẹ́ kù nínú àpò. Bíríkìlà tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Òtútù òkun wọ inú rẹ̀, ó gan. Àpò náà ti jẹrà dànù. Sìmẹ́ńtì náà ṣì wà níbẹ̀, ó rí bí àpò.